Aró Kì í Hàn Nínú Ìkòkò: Bí Olùkọ́ Ṣe Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ọ̀gá Ilé Ìwé

Èrò kan wà tí kò fẹ́ jáde ní yàrá àwọn olùkọ́ ní Òṣogbo: pé ẹni tó bá ti gba oyè másítà nínú ìṣàkóso ẹ̀kọ́ ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì pìrìnsípà nìyẹn. Èrò yìí ló ń kó àwọn olùkọ́ jọ sí ibùdókọ̀ Old Garage láàárọ̀ Sátidé, ẹlòmíì ń lọ sí Ifẹ̀, ẹlòmíì ń lọ sí Ìbàdàn, báàgì ìwé léjìká. Ìwé kíkà dára, àmọ́ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pín níbẹ̀.

Ní ilé ìwé girama ìjọba, lẹ́fẹ̀lì, ìyẹn ìpele iṣẹ́ ọba, ló ń pe ènìyàn sórí àga ọ̀gá. Olùkọ́ tó ní dìgírì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní lẹ́fẹ̀lì 8. Ìlànà iṣẹ́ ọba ní kí ó lo ọdún 3 lórí ìpele kọ̀ọ̀kan kí ó tó gòkè. Lẹ́fẹ̀lì 11 kò sí nínú àkàbà náà. Láti 10, 12 ló kàn. Ẹ kà á wò: 8 sí 9, 9 sí 10, 10 sí 12, 12 sí 13, 13 sí 14. Ìgbésẹ̀ 5 nìyẹn, ọdún 15, bí ìgbéga kò bá falẹ̀ rárá. Nígbà tí ènìyàn bá dé òkè yẹn ni ọ̀rọ̀ àga tó ń wáyé. Oyè másítà kò yọ igi kan ṣoṣo kúrò lára àkàbà yìí. Ẹni tó gbà á ní lẹ́fẹ̀lì 9 á padà sí kíláàsì rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ẹni tó wà ní 15 tí kò ní in á sì máa ṣe ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ohun tí oyè náà ń yí padà lójú ẹsẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é dì mú. Lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, ọ̀wọ́ 4 ló wà: D fún NCE, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, C fún dìgírì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ tàbí PGDE, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni fún ẹni tó ti ní dìgírì míì, B fún másítà, A fún oyè ọ̀mọ̀wé. Olùkọ́ tó gba másítà nínú ẹ̀kọ́ ń kúrò ní C bọ́ sí B. Ní ilé ìwé aládàáni, níbi tí ẹni tó ni ín ti lè yan ẹni tó wù ú, oyè náà lè ṣílẹ̀kùn lóòótọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe yẹn ti ń rí oúnjẹ jẹ: ẹnì kan á di ọ̀gá ní ilé ìwé aládàáni lẹ́yìn másítà, ìròyìn á délé ìwé ìjọba, wọn ò ní rántí pé ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bí kì í bá ṣe kọ́kọ́rọ́, kí ni wọ́n wá ń kọ́? Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù àti ìwé ẹ̀rí kò gba àlàyé. Ẹni tí dìgírì rẹ̀ kì í ṣe ti ìkọ́ni á kọ́kọ́ lọ ṣe PGDE, ó parí. Àwọn kọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e ni òfin tó de ilé ìwé, ìnáwó, ìṣètò, àkóso òṣìṣẹ́, àbójútó ìkọ́ni, àti ìṣirò fún ìwádìí. Púpọ̀ nínú wọn ni ènìyàn lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ kà.

Nínú ti òfin nìkan ni àwọn olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti máa ń bá ohun tí wọn kò mọ̀ pàdé. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀gì búùkù. Dandan ni fún ilé ìwé láti ní in, bó ti jẹ́ dandan kí ó ní ìwé ìgbọmọwọlé, rẹ́jísítà, ìwé àlejò, ìwé ìjìyà àti ìwé owó. Ọ̀gá ilé ìwé ló ń kọ ọ́: ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé, ọjọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò wá, ọjọ́ tí ọ̀gá tuntun gba iṣẹ́. A kì í ya ojú ewé rẹ̀. A kì í fi ọ̀dà funfun bo àṣìṣe. Ìlà kan ni wọ́n ń fà lórí rẹ̀, kí ohun tó wà lábẹ́ ìlà náà ṣì ṣe é kà, wọn á sì buwọ́ lù ú. Kóńbọ́ọ̀dù ló ń gbé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Igbákejì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún ní àgbàlá kan náà kó má ṣí i rí. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bọ̀.

Apá tó dùn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, tó sì ṣọ̀wọ́n jù ní àyíká wa, ni ìdánwò apẹ̀rẹ̀ ìwé: wọ́n á kó òkìtì lẹ́tà síwájú ènìyàn, kí wọ́n lè rí bí yóò ṣe bójú tó wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀, ní àwọn ọdún 1950. Norman Frederiksen, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e wọ ọ̀rọ̀ ilé ìwé: wọ́n dá ilé ìwé kan sílẹ̀ tí kò sí níbì kankan, wọ́n pè é ní Whitman, wọ́n sì fi ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 232 jẹ ọ̀gá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan náà ni wọ́n kó síwájú olúkúlùkù wọn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ní ayé gidi, a kò lè fi ọ̀gá méjì wéra, torí wàhálà ilé ìwé yìí kọ́ ni ti tọ̀hún. Bí wàhálà bá dọ́gba, ohun tó bá yàtọ̀, ara ẹni náà ló ti wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé ìwé náà wà ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí. Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Ọ̀gá tuntun nìkan ló wà ní ọ́fíìsì, kò sí fóònù, wákàtí kan ló ní, apẹ̀rẹ̀ ìwé wà níwájú rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ní àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ìkejì: alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ fẹ́ fi gbọ̀ngàn ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní Sátidé, ó sì ti kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ti gbà. Ìkẹta: olùkọ́ kẹ́mísìrì ń lọ gba ìsinmi ìbímọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó lè dí àyè rẹ̀ ni olùkọ́ báyọ́lọ́jì. Ìkẹrin: orúkọ ọmọ 11 kò tíì pé lórí ìforúkọsílẹ̀ WAEC, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń tì í. Ìkarùn-ún: akọ̀wé owó ní owó ìnáwó kéékèèké ku ₦4,200. Ìkẹfà: ìyá ọmọ kan ń fẹjọ́ sùn pé olùkọ́ báyọ́lọ́jì na ọmọ òun lọ́wọ́ títí ọwọ́ fi wú. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé bíi ogún. Nísàlẹ̀ pátápátá, lórí ìwé tí wọ́n ya láti inú ẹ̀ṣásáìsì, tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ, ọ̀rọ̀ bàbá ọlọ́dẹ wà níbẹ̀: «Ọ̀gá, ìdérí kànga ti sán o.»

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan ni ẹni tó ń ṣe ìdánwò á kọ ohun tí yóò ṣe, ẹni tí yóò rán, ìgbà tí yóò ṣe é, àti ìdí. Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n pàkúté wà. Ẹni tó bá ń mú ìwé láti òkè sísàlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ á ti lo wákàtí rẹ̀ tán kó tó dé ọ̀rọ̀ kànga, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá ni àwọn ọmọ ń jáde lọ ṣeré. Ẹni tó bá ka ìkẹta lọ́tọ̀ tó sì ka ìkẹfà lọ́tọ̀ á fi lẹ́tà kan gbé kíláàsì kẹ́mísìrì fún olùkọ́ báyọ́lọ́jì, á tún fi lẹ́tà míì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní òwúrọ̀ kan náà. Ẹlòmíì á dá ìyá ọmọ lóhùn kó tó gbọ́ tẹnu olùkọ́. Àwọn tó máa ń ṣe dáadáa á kọ́kọ́ ṣí gbogbo ìwé wò láì kọ nǹkan kan, wọn á tò ó sí ìdì mẹ́ta, wọn á sì gbé ọ̀rọ̀ WAEC lé igbákejì lọ́wọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi parí. Ìyàtọ̀ kan tó hàn gbangba láàárín àwọn ọ̀gá 232 yẹn ni pé àwọn kan á kọ́kọ́ wádìí kí wọ́n tó dá ẹjọ́, àwọn kan á dá a lójú ẹsẹ̀ kí ìwé lè kúrò lórí tábìlì.

Bébà àti wákàtí kan ni ìdánwò yìí gbà. Pé kò sí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìṣàkóso ẹ̀kọ́ ya ènìyàn lẹ́nu.

Àbójútó ìkọ́ni ló tẹ̀ lé e. Ìlànà tí Morris Cogan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tó ti di ti gbogbo ayé, ní ẹsẹ̀ márùn-ún: kí ọ̀gá àti olùkọ́ jókòó sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀gá wọ kíláàsì wò ó, kí ó dá jókòó yẹ ohun tó kọ wò, kí wọ́n tún jókòó pọ̀, kí ọ̀gá wá yẹ ìṣe ti ara rẹ̀ náà wò. Ẹsẹ̀ kejì ni wọ́n ti máa ń bà á jẹ́. Ọ̀gá á kọ «kò fa àwọn ọmọ mọ́ra». Ìdájọ́ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ojú rí. Ohun tó yẹ kó wà lórí bébà ni pé láàárín ogún ìṣẹ́jú, ìbéèrè 14 jáde, ọmọ 3 tó wà níwájú dáhùn 11 nínú wọn, kò sí ẹni tó dáhùn láti ìlà ẹ̀yìn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọgbọ́n yìí ń ṣe iṣẹ́ kan tí àwọn tó dá a sílẹ̀ lè má rò. Ọ̀gá lè jẹ́ ẹni ọdún 46, kí olùkọ́ jẹ́ ẹni ọdún 58, tí gbogbo ilé ìwé ń pè ní Màmá. Kò sí bí ọ̀gá ṣe fẹ́ la ẹnu sọ fún Màmá pé ẹ ò kọ́ wọn dáadáa, kí ó má di ọ̀rọ̀ àìnítìjú. Ṣùgbọ́n ó lè gbé bébà síwájú wọn kí ó ní, «Màmá, ẹ bá mi wo èyí, kí lẹ rí níbẹ̀?» Màmá fúnra wọn ló máa sọ pé ìlà ẹ̀yìn ti sùn.

Lẹ́yìn kọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ ìwádìí, orí márùn-ún, tó ń gba àkókò ju gbogbo ìyókù lọ. Ọ̀nà tó ti di ojú títì ni ọ̀rọ̀ ipa tí ìwà aṣáájú àwọn ọ̀gá ń kó lórí iṣẹ́ àwọn olùkọ́. Wọ́n á tẹ ìwé ìbéèrè, òpó ìdáhùn mẹ́rin, wọ́n á kó o wọ SPSS, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Ibi tí ó ti ń bà jẹ́ ni ọ̀nà tí ìwé ìbéèrè náà gbà dé ọwọ́ olùkọ́: ọ́fíìsì ọ̀gá ni wọ́n máa ń kó o gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n tún máa ń kó o gbà jáde. Ta ni yóò kọ «rárá o» síwájú «ọ̀gá mi máa ń fetí sílẹ̀» tó mọ̀ pé ọ̀gá ló máa gba bébà náà lọ́wọ́ òun? Àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa àti àpótí tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ gbé wá ì bá yanjú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Òṣogbo ni ìlú aró, ẹ jẹ́ ká fi aró sọ ọ́. Aláró á gún ewé ẹ̀lú, á ṣù ú, á sá a gbẹ, á kó o sínú omi eérú, á sì dúró ní ọjọ́ mélòó kan kí ìkòkò tó pọ́n. Nígbà tó bá ri aṣọ sínú rẹ̀ tó fà á jáde, aṣọ náà kì í dúdú. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa pọ́n ló máa ń ní. Ojú afẹ́fẹ́ ló ti ń di aró, lójú ẹni tó ń wò ó, torí inú ìkòkò kò ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń sọ ọ́ di dúdú, tó sì ń há a mọ́ fọ́nrán òwú. Ẹni tó bá fi aṣọ sílẹ̀ nínú ìkòkò mọ́jú kò ní rí aró tó dúdú tó ti ẹni tó rì í, tó fà á yọ, tó tún rì í lẹ́ẹ̀mẹfà. Rírì àti fífẹ́ ni, kì í ṣe pípẹ́ nínú omi.

Ìkòkò ni kíláàsì másítà. Afẹ́fẹ́ ni ọ́fíìsì, pẹ̀lú ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ pìrìnsípà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan nígbà tó ṣì ń kàwé. Singapore ń yọ àwọn tó fẹ́ fi jẹ ọ̀gá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù 6 gbáko láti 2001. Scotland fi dandan sí ìwé ẹ̀rí fún ọ̀gá tuntun ní 2020. England ṣe èyí tó yani lẹ́nu: wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní 1997, ó di dandan fún gbogbo ọ̀gá tuntun ní 2009, wọ́n sì yọ dandan náà kúrò ní 2012. Ní tiwa, ìjọba àpapọ̀ dá NIEPA, ilé ẹ̀kọ́ ìṣètò àti ìṣàkóso ẹ̀kọ́, sílẹ̀ ní Oǹdó ní 1992 fún irú ẹ̀kọ́ báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a ní kó gba ibẹ̀ kọjá kó tó jókòó lórí àga.

Síbẹ̀, àkàbà lẹ́fẹ̀lì kì í ṣe ètò òmùgọ̀. Ọdún tí ènìyàn bá fi ṣe igbákejì ni afẹ́fẹ́ tiwa. Àìsàn rẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Igbákejì ló ń ṣe táìmù-tébù, òun ló ń dúró sẹ́nu géètì mú àwọn tó pẹ́ dé, òun ló ń parí ìjà. Ìwé owó àti lọ́ọ̀gì búùkù ń bẹ nínú kóńbọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tó bá di ọ̀gá, ohun tó ti ṣe fún ọdún mẹ́jọ á bọ́ sọ́wọ́ igbákejì tuntun, èyí tí kò ṣe rí á di tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tó mú ọmọ ilé ìwé tọ́ dáadáa nígbà tó jẹ́ igbákejì fi lè kó sí wàhálà ìṣírò owó ní táàmù àkọ́kọ́ rẹ̀: rìsíìtì tí kò gbà, owó tó ná kó tó kọ ọ́ sílẹ̀, owó ẹgbẹ́ òbí tó pò mọ́ ti ìjọba nínú àpótí kan.

Kò gba òfin tuntun láti tún èyí ṣe. Ọ̀gá lè fi igbákejì sídìí ìwé owó fún táàmù kan: kí ó máa kọ ọ́ lójoojúmọ́, kí ó máa ka owó inú àpótí mọ́ ọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ọ̀gá máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ó sì buwọ́ lù ú. Ìbuwọ́lù kò kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ̀bi kò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bóyá ìyẹn gan-an ló fà á tí kóńbọ́ọ̀dù fi ń wà ní títì.