DDD: Bí a Ṣe Ń Ṣírò Oògùn Oorun tí Àdúgbò Kan Ń Lò

Bí a bá fẹ́ mọ bí àwọn ará àdúgbò kan ṣe ń lo oògùn oorun tó, kíka hóró oògùn nìkan kò tó, nítorí agbára hóró kan kì í ṣe ti èkejì. Ìdí nìyẹn tí DDD (ìkékúrú “defined daily dose” lédè Gẹ̀ẹ́sì) fi wà. Ìwọ̀n oògùn tí wọ́n fojú bù pé àgbàlagbà kan yóò máa lò lójúmọ́ ni, fún àìsàn tí oògùn náà wà fún gan-an. Ibùdó kan tó ń bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣiṣẹ́ ní ìlú Oslo, lórílẹ̀-èdè Norway, ló ń fi í lélẹ̀: mílígíráàmù 10 ni ti diazepam, 5 ni ti nitrazepam, ti lorazepam kò sì ju 2.5 lọ.

Ká ní ènìyàn 5,000 ló ń gbé àdúgbò kan, tí àwọn ilé oògùn ibẹ̀ sì ta hóró diazepam 73,000 lọ́dún kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 365,000. Bí a bá fi 10 pín in, ó di DDD 36,500. Bí a bá tún fi ọjọ́ 365 pín ìyẹn, ó ku 100 lójúmọ́, èyí tó jẹ́ 20 fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn kọ̀ọ̀kan.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Iye yẹn kò sọ pé ènìyàn 20 nínú ẹgbẹ̀rún ló ń lo oògùn náà. Arúgbó tí dókítà ní kó máa lo hóró kan lálẹ́, ìdajì DDD ló ń lò, nítorí náà 20 yẹn lè jẹ́ arúgbó 40. Ó sì lè jẹ́ ènìyàn márùn-ún péré tí oògùn náà ti mọ́ lára débi pé hóró mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé mì lójúmọ́. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kó kọ ni lóminú ju iye náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, tó sì jáwọ́, kò jọ ẹni tó ti ń lò ó lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tí kò lè dáwọ́ dúró lójijì kí ara rẹ̀ má bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Síbẹ̀, inú iye kan náà ni DDD kó àwọn méjèèjì sí. Kódà hóró tó ṣẹ́ kù sínú páálí lẹ́bàá ibùsùn, tí ẹnikẹ́ni kò lò, wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń wo ọjọ́ orí àwọn tó gba oògùn àti iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan padà wá gbà á, kí wọ́n tó sọ pé àdúgbò kan ń lo oògùn oorun ní àlòjù.