Òṣó Ni Akọ̀ròyìn Ń Ló

Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá kọ́ iṣẹ́ ìròyìn oníwàádìí lọ́dọ̀ wa ní Iléṣà kì í pẹ́ béèrè irú kámẹ́rà tí àwọn máa rà. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi owó kámẹ́rà pamọ́ ná. Ìwé àkọsílẹ̀ kan, bírò, àti fóònù tó lè ṣí Google Sheets, ìwé alápòótí orí ẹ̀rọ tí à ń to orúkọ àti iye sí, ti tó ọmọ yín fún oṣù mélòó kan.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀ṣà. Àwọn bàbá wa tó ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, ni ayé ń pè ní òṣómàáló, torí wọn kì í gba àga bí wọ́n bá wá sin gbèsè: “Òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi.” Òṣó yẹn ni gbogbo ènìyàn rántí. Wọ́n gbàgbé pé kí òṣómàáló tó ló òṣó, ó ti mọ orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́, iye ọ̀pá aṣọ tó gbà, ọjọ́ tó dá, àti iye tó ti san níbẹ̀. Bí kò bá mọ ìwọ̀nyí, ẹsẹ̀ lásán ni yóò máa dùn ún.

Àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ wa máa ń fẹ́ sáré lọ ká fídíò títì tó bàjẹ́. Títì tó bàjẹ́, gbogbo ọlọ́kadà ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọlọ́kadà kò mọ̀ ni ẹni tó gba iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀, iye tó gbà, àti ọjọ́ tí wọ́n sanwó fún un. Inú ìwé nìyẹn wà. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó ṣeé kà, tó ṣeé tò, tó ṣeé fi wé òmíràn, ni à ń pè ní dátà, kì í ṣe èyí tí à ń rà sórí fóònù.

Báwo lo ṣe máa rí ìwé náà? Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ìbáà ṣe akọ̀ròyìn tàbí alágbàfọ̀, kò sì pọn dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Wọ́n lè fi 7 mìíràn lé e bí ìwé náà bá pọ̀ jù. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 30 lo ní láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń sọ pé òfin Àbújá ni, kò kan àwọn, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Má ṣe béèrè “gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ omi”. Béèrè ibi tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí lọ́dún báyìí, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n san án. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí o sì rí i pé wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tìrẹ. Ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ yẹn lo máa fi bẹ̀rẹ̀ ìṣírò ọjọ́ 7 náà.

Èsì irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ wa nígbà kan. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ ẹ́ sórí Google Sheets, ó ní kó ka kànga ìlú kọ̀ọ̀kan fún òun. Iléṣà jáde lẹ́ẹ̀mẹrin: “Ilesa”, “Ilesha”, “Ilesha Town”, àti “Ilesa” mìíràn tó jọ àkọ́kọ́ bí ìbejì. Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ pọ́n. Àlàfo kékeré kan ló wà lẹ́yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn, tí ojú kò lè rí. Lẹ́tà ni ẹ̀rọ ń wò, kò mọ ìlú. Ìdajì ọjọ́ Sátidé la fi sọ orúkọ mẹ́rin di ọ̀kan, orí ẹ̀dà sì ni a ti ṣe é, torí a kì í fọwọ́ kan ojú ewé tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa. Mo fẹ́ràn ìdajì ọjọ́ yẹn ju gbogbo fídíò tí wọ́n ti ká lọ. (Bí ẹ bá fẹ́ pín kànga fún iye ènìyàn, ẹ ṣọ́ra: 2006 ni wọ́n ka orílẹ̀-èdè yìí kẹ́yìn.)

Ìgbà yìí ni ẹsẹ̀ kàn. Ọmọkùnrin kan rí kànga kan tó gbẹ nínú àwọn tó wà lórí ìwé, wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ irin rẹ̀. Ó ti kọ àkọlé kó tó délé: wọ́n ti kó owó kànga jẹ. Mo ní kó padà lọ. Nígbà kẹta tó lọ ni ìyá alákàrà tó wà ní òdìkejì tó sọ̀rọ̀: “Ọmọ mi, omi ń yọ níbẹ̀ dáadáa. Iná ló dé lójijì lálẹ́ ọjọ́ kan, ló bá jó ẹ̀rọ tó ń fà á. Kò sẹ́ni tó wá wò ó látìgbà náà.” A padà sórí ìwé. Owó gbígbẹ́ wà níbẹ̀ fún kànga kọ̀ọ̀kan. Kò sí kọ́bọ̀ fún àtúnṣe, kò sí fún ẹyọ kan. Ìròyìn gan-an nìyẹn, ó sì burú ju èyí tó kọ́kọ́ fẹ́ kọ lọ, torí gbogbo kànga yòókù ń bọ̀ wá gbẹ bákan náà. Ká ní a ti gbé àkọlé àkọ́kọ́ jáde ni, à bá ti ba agbaṣẹ́ṣe tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé lórúkọ jẹ́.

Irú iṣẹ́ kan náà ń dúró de ẹni tí yóò ṣe é lórí wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àjọ NEITI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́pinpin owó epo àti kùsà, máa ń gbé ìwé jáde lórí iye tí àwọn iléeṣẹ́ ìwakùsà ní àwọn san àti iye tí ìjọba ní òun gbà. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ti omi odò tó ti pọ́n níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, ẹ bu ú sínú ìgò tó mọ́, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọ̀ omi nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. A kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ni kànga kí a tó tẹ ohunkóhun jáde. Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kẹfà: àwọn béèrè owó àtúnṣe, wọn ò fọwọ́ sí i. Ta ni kò fọwọ́ sí i? Ọmọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà kejì lọ, ó sì dúró ti akọ̀wé títí tó fi lu òǹtẹ̀.