Bí Ìwẹ̀ Ò Bá Lé Òórùn Ara Lọ

Bí ẹnì kan bá dúró sí igun ṣọ́ọ̀bù oògùn mi, tó ń yẹ páálí oògùn tí kò ní í rà wò, tó ń retí kí àwọn tó kù jáde tán, mo ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gbé wá: ọ̀rọ̀ abẹ́, ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí, tàbí ọ̀rọ̀ òórùn ara. Ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ lẹ́nu á fi ẹ̀rín sọ tirẹ̀. Ẹni tí òórùn ara ń dà láàmú kì í rẹ́rìn-ín.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ mà." Apòògùn ni mí, n kì í ṣe dókítà, àmọ́ ó ti sú mi láti máa tún un ṣe. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń wẹ̀ lójúmọ́."

Obìnrin tó sọ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wọ kóòtù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó mọ́ nigínnigín. Ó ti ra ọṣẹ apakòkòrò oríṣi mẹ́rin, ó ti fi kànìnkànìn ha abíyá títí ó fi bó, ó ti fi omi òróm̀bó wẹ́wẹ́ pa á, kódà ó ti ń da àpakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ sínú omi ìwẹ̀. Síbẹ̀, tó bá ti ń di aago méjì ọ̀sán, òórùn náà á tún dé. Mo wá bi í ní ìbéèrè kan tó mú un wò mí bíi pé orí mi ò pé: "Kọ́mú mélòó lẹ ní?"

Màá padà sórí kọ́mú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òógùn.

Òógùn kì í rùn. Tí ẹ bá ń làágùn níwájú orí, ẹ fi imú gbọ́ ọ wò. Oríṣi òógùn méjì ló wà lára wa. Ti àkọ́kọ́ ń jáde káàkiri ara, pàápàá níwájú orí, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Omi àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun ló ń mú ara tutù bí ooru bá mú. Ti kejì ń jáde lábíyá, lábẹ́, àti láyìíká orí ọmú, kì í sì í jí títí ọmọ á fi bàlágà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún méje fi lè sáré kiri látàárọ̀ kó má rùn ju eruku lọ, tí yóò sì di ọmọ ọdún 13 tán, kí yàrá rẹ̀ máa lé àlejò. Òógùn kejì yìí ní ọ̀rá àti èròjà mìíràn nínú, oúnjẹ gidi sì ni fún àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára gbogbo wa, ọlọ́rọ̀ àti tálákà, ẹni tó wẹ̀ àti ẹni tí kò wẹ̀. Àwa la pèsè, àwọn ló jẹ, ohun tí wọ́n yà sílẹ̀ ni à ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí Ọlọ́run ṣe dá kálukú yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kòríà, Ṣáínà àti Jàpáánù ni òógùn kejì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn lára wọn, nítorí ìyàtọ̀ kékeré kan nínú àbùdá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ABCC11. Àbùdá kan náà ló ń pinnu irú ìdọ̀tí tó ń wà nínú etí: tiwọn gbẹ, ó ń ya bí èèpá; tiwa rọ̀, ó ń fà bí epo. Bí tiyín bá rọ̀, ẹ ti mọ ẹgbẹ́ tí ẹ wà.

Ẹ wá wo ohun tí kànìnkànìn ń ṣe. Tí ẹ bá ha abíyá dáadáa, ẹ lè gbá àwọn kòkòrò náà lọ fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á tún pọ̀ padà. Àmọ́ awọ ara tí ẹ ti ha bó kì í tètè jiná, ojú tó bó yẹn sì ni róólọ́ọ̀nù máa ń ta lára. Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tó. Àtẹ́lẹwọ́ tàbí aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi fọ abíyá, kí ẹ sì nù ún gbẹ pátápátá kí aṣọ tó kàn án. Ìgbẹ́yìn yìí ni a kì í ṣe, torí ọkọ̀ ń lọ. Òróm̀bó wẹ́wẹ́ máa ń dín òórùn kù fúngbà díẹ̀ nítorí pé ó kan, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá pa á lára awọ, ó lè jó o bí omi gbígbóná, kí ojú ibẹ̀ sì dúdú fún oṣù bíi mélòó kan. Ti àpakòkòrò ilẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ilẹ̀. Álọ́ọ̀mù ni mi ò bá jà. Ẹ rẹ ẹ́ lómi, ẹ fi pa abíyá lẹ́yìn ìwẹ̀; ó ràn àwọn kan lọ́wọ́.

Ẹ gé irun abíyá sílẹ̀ tàbí kí ẹ fá a. Bí ẹ bá sì rí nǹkan bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó yí irun náà ká, tí aṣọ yín ń pọ́n láwọ̀ yẹ́lò lábíyá, kòkòrò ló dì mọ́ irun. Fífá ló kọ́kọ́ ń wò ó.

Róólọ́ọ̀nù pé méjì, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ọ́n yà. Ọ̀kan ń bo òórùn mọ́lẹ̀, ó sì ń dín kòkòrò kù. Èkejì ń dí ojú ihò òógùn fúngbà díẹ̀ kí òógùn má jáde. Bí ẹ bá rí "antiperspirant" lára ìgò, òun nìyẹn. Alẹ́ ni kí ẹ fi pa ara, lórí abíyá tó gbẹ, nígbà tí òógùn ti rọlẹ̀. Tí ẹ bá fi pa á láàárọ̀ tí ẹ ti ń làágùn nínú yàrá torí kò síná, òógùn á kàn ṣàn án kúrò ni, ẹ ó wá máa sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Fún ẹni tí òógùn rẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà, èyí tó lágbára jù wà, tí wọ́n fi aluminium chloride ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe: ẹ lò ó lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀, tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ má lò ó ní ọjọ́ tí ẹ fárun, ó máa ta yín débi pé ẹ ó pe orúkọ mi. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ó ń fa jẹjẹrẹ ọmú. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe títí di òní kò fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn oníbàárà mi ò mọ̀ pé ó wúlò fún abíyá: ọṣẹ benzoyl peroxide tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fọ rorẹ́ ojú. Ó ń pa kòkòrò náà ju ọṣẹ ìwẹ̀ lásán lọ. Ẹ fi pa abíyá, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ ṣàn án kúrò dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ṣí àwọ̀ aṣọ, nítorí náà táwẹ́ẹ̀lì funfun ni kí ẹ fi nu ara.

Ó wá kan aṣọ, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi ti ń pàdánù ìjà yìí láìmọ̀.

Kòkòrò tó wà lábíyá wà lára aṣọ náà. Bí òróró ara bá wọ aṣọ òwú, omi àti ọṣẹ ń tú u kúrò. Ṣùgbọ́n ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe pọ́líẹ́stà. Kò bá omi rẹ́, epo ló ń bá rẹ́. Ó ń di òróró ara mú ṣinṣin, kòkòrò kan sì wà tó ń rùn gan-an tó fẹ́ràn ibẹ̀ ju ara òwú lọ. Ẹ fi ẹ̀wù òwú àti jésì bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan náà fi làágùn wéra, imú yín á sọ fún yín.

Gbogbo wa ló mọ aṣọ tí kò rùn nígbà tí a ká a lórí okùn, tí kò rùn nínú àpótí, àmọ́ tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá ti kàn án lábíyá báyìí, òórùn àná, ti ìjẹta àti ti ọdún tó kọjá á jọ dìde. Aṣọ yẹn ò tíì mọ́. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ síta, ooru ara yín ni yóò ṣe iṣẹ́ tí áyọ́ọ̀nù ṣe, ẹ ó sì máa bínú sí ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ da ife fínígà funfun kan sínú omi ife mẹ́rin, ẹ rẹ abíyá rẹ̀ síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30, ẹ ṣàn án, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe da fínígà pọ̀ mọ́ bílíìṣì láéláé. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ máa ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Inú aṣọ náà ni kí ẹ kọ sí oòrùn, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà òjò, aṣọ tó fi ọjọ́ méjì gbẹ nínú ilé máa ń ní òórùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ohun tó bu. Ẹ máa fọ ìwọ̀nba tí yóò tètè gbẹ. Bí fínígà àti oòrùn ò bá ran jésì kan mọ́, ẹ fi ṣe ìnulẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ má fi káńfọ̀ roboto funfun yẹn bo òórùn aṣọ. Àwọn tí èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD ò pé lára wọn kò kéré láàárín wa, káńfọ̀ yìí sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìkókó tí wọ́n fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wé lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú láwọ̀ yẹ́lò, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé ọpọlọ.

Kọ́mú mẹ́ta ni obìnrin yẹn ní. Oní-fóòmù ni gbogbo wọn. Ó ń wọ ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó fọ̀ ọ́, nítorí pé "kò dọ̀tí." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wẹ̀ lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì ń dá kànìnkànìn fóòmù tó ti fa òógùn ọjọ́ mẹ́rin mu padà sábẹ́ abíyá. Kóòtù rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà Kérésìmesì ló ti fọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Mo ta ọṣẹ benzoyl peroxide kan fún un, mo ní kó lọ ra kọ́mú sí i, kó má sì wọ ọ̀kan ju ọjọ́ kan lọ láìfọ̀. Nígbà tó tún wá, oògùn ikọ́ ọmọ rẹ̀ ló wá rà. Àárín èrò ló dúró sí, ó ń sọ̀rọ̀ sókè.

Kì í ṣe ti gbogbo èèyàn ló ń tán síbẹ̀. Àwọn kan wà tí ara wọn, èémí wọn àti ìtọ̀ wọn ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́, tí kò sí aṣọ tàbí ọṣẹ tó kàn án. Àìsàn àbímọ́ ni, trimethylaminuria lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó pa òórùn èròjà kan tó ń wá látinú oúnjẹ. Tiwọn kò lè ṣe é tó. Wọ́n ń jogún rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù tí gbogbo wa mọ̀: bí AS méjì ṣe ń bí SS láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn ń ṣàìsàn. Lára obìnrin, ó máa ń le sí i bí nǹkan oṣù bá sún mọ́lé. Ìtọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò láti mọ̀ ọ́n. Kò ní oògùn tó ń wò ó tán, àmọ́ oúnjẹ ń tù ú lójú: kí ẹyin, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹ̀wà, pàápàá ẹ̀wà sóyà, dínkù lẹ́nu, kí wọ́n sì sá fún ẹja òkun bíi pańla àti ṣawa. Ẹja odò kò burú tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè jẹ àrọ̀ tàbí epìyà. Ọṣẹ tó kan díẹ̀, tí pH rẹ̀, ìyẹn òdiwọ̀n bó ṣe kan tó, wà láàárín 5.5 sí 6.5, ló yẹ wọ́n, torí pé ó ń so èròjà náà mọ́lẹ̀ kó má fò sáfẹ́fẹ́. Ọṣẹ dúdú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá mi ò ní í fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Àwọn àmì kan wà tí n kì í ta nǹkan kan fún, dókítà ni mo ń ní kí wọ́n lọ bá. Eéwo tó ń padà wá lábíyá tàbí níbi itan, tó ń ṣọyún, tó ń dá àpá sílẹ̀. Òógùn òru tó ń rin aṣọ gbindingbindin, pẹ̀lú ikọ́ àti rírù: ẹ lọ yẹ ikọ́ ife wò, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Òógùn tó ṣàdédé pọ̀, tí àyà ń já, tí ọwọ́ ń gbọ̀n. Èémí alátọ̀gbẹ tó ń rùn bí èso tó pọ́n jù, tó tún ń bì: kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tí òórùn ẹja ń jáde lábẹ́ rẹ̀ nìkan, kó má fi ọṣẹ fọ inú, kó lọ ṣàyẹ̀wò. Oògùn rẹ̀ wà, lílò rẹ̀ kò sì gba ọjọ́ púpọ̀.

Ó ku àwọn kan tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń ká mi lára jù. Wọ́n á ní àwọn ń rùn. Màá sún mọ́ wọn, mi ò ní í gbọ́ nǹkan kan. Màá ní kí ọmọ iṣẹ́ mi wá, òun náà ò gbọ́. "Ẹ ń ṣàánú mi ni, mà. Nínú ọkọ̀, wọ́n ń fọwọ́ bo imú." Eruku ló ń mú kí wọ́n fọwọ́ bo imú, ẹni tó sín sì ń sín torí ọyẹ́. Òótọ́ ni pé òórùn ara ẹni kì í pẹ́ mọ́ imú ẹni lára tí kò fi ní í gbọ́ ọ mọ́, nítorí náà n kì í fi imú ẹni nìkan dájọ́. Ẹ bi èèyàn méjì tí kò ní í purọ́ fún yín, ọ̀kan nínú wọn kó má jẹ́ ará ilé, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́wọ́ ọ̀sán. Bí àwọn méjèèjì bá ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan, tí ọkàn yín sì kọ̀ jálẹ̀, tí ẹ ti dẹ́kun lílọ sóde ìgbéyàwó àti ṣọ́ọ̀ṣì, àìsàn gidi nìyẹn náà, ó ní orúkọ, ó ní ìtọ́jú, ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ló sì wà. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń rò pé mò ń rán wọn lọ sí Arò. Mi ò rán ẹnikẹ́ni lọ sí Arò. Ọjọ́ kan pàtó wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń rí irú àwọn aláìsàn yìí ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹ ó jókòó lórí àga bíi ti gbogbo èèyàn, ẹ ó sì padà sílé.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù mi tí èrò pọ̀, ẹ má wulẹ̀ dúró ti páálí oògùn. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ nà án sí mi. Ibi tó ń rùn, aago tó máa ń bẹ̀rẹ̀, irú aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó sọ fún yín. Ìyẹn tó mi láti bẹ̀rẹ̀.