Ta ló sọ fún yín pé Amẹ́ríkà ló ni "soccer"?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Kò sí sáà tó máa ń kọjá ká má jà á. Ẹnìkan á yọjú láti Amẹ́ríkà sórí ìkànnì àwa olólùfẹ́ kílọ́ọ̀bù yìí, á kí gbogbo èèyàn dáadáa, á bèèrè ohun tó fẹ́ bèèrè, bó bá wá lọ pe bọ́ọ̀lù ní "soccer" pẹ́nrẹ́n, ó ti tán fún un nìyẹn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ọmọkùnrin kan ní Los Angeles ni. Ó ní òun ti ra jẹ́sì kílọ́ọ̀bù wa, òun fẹ́ mọ aago mélòó ni soccer ọjọ́ Sátidé máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tòun, torí aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n kọ, kò sì dá a lójú bóyá ti Ìlú Ọba ni. Ó ya fọ́tò jẹ́sì ọ̀hún mọ́ ọn, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó dá a lóhùn ní football ló ń jẹ́. Ẹnìkejì ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà fi eré wa sílẹ̀ fún wa. Ẹnìkẹta ní irú wọn ló ń ba kílọ́ọ̀bù jẹ́. Mo kà á títí, kò sẹ́ni tó sọ aago fún un.

Ẹ jẹ́ n wí i kó yé wa. "Soccer" kì í ṣe ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Ìlú Ọba ni wọ́n bí i sí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó wá kọ̀ ọ́ lọ́mọ.

Ní 1863 ni àwọn kílọ́ọ̀bù kan pàdé nílé ọtí Freemasons' Tavern ní London, tí wọ́n dá Football Association sílẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní òfin bọ́ọ̀lù tiẹ̀, àwọn kan ń fọwọ́ gbé e sáré, àwọn kan ń fẹsẹ̀ gbá a, àwọn kan tiẹ̀ gbà pé kéèyàn máa ta ẹnìkejì nípàá lójúgun wà lára eré. Ẹgbẹ́ tuntun yìí wá ṣe òfin kan fún gbogbo wọn, kílọ́ọ̀bù Blackheath sì wà lára àwọn tí òfin tuntun yẹn ò tẹ́ lọ́rùn, wọ́n bínú jáde, nígbà tó sì di 1871 wọ́n bá àwọn kílọ́ọ̀bù mìíràn dá Rugby Football Union sílẹ̀. Bí football ṣe di méjì nìyẹn, rugby football àti association football. Méjèèjì football ni o. Ẹni tó bá ní òun ń lọ gbá football láyé ìgbà yẹn, èèyàn á ní láti bi í pé èwo nínú wọn.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé olówó àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford ìgbà náà wá ní àṣà kan, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ kúrú, wọ́n á fi -er sí i nídìí. Rugby di rugger. Breakfast di brekker. Football gan-an di footer. Association wá ńkọ́? Ibí yìí ló máa ń há sí àwọn èèyàn lọ́fun, wọ́n á ní association àti soccer, níbo ni wọ́n ti bára tan? Ẹnìkan bá mi jiyàn lórí ẹ̀ láti alẹ́ di òru, ó ní mò ń purọ́, ó ní c tó wà nínú soccer ń dún bíi k, ti association ò sì dún bẹ́ẹ̀ rárá.

Tó bá jẹ́ etí lẹ fi ń wá a, ẹ ò ní rí i. Ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Ẹ mú bírò, ẹ kọ association sórí bébà. Ẹ fi àtàńpàkò bo a àti s àkọ́kọ́. Ẹ fi ọwọ́ kejì bo gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn c. Kí ló kù lójú bébà? S, o, c. Ẹ wá lẹ -er mọ́ ọn nídìí. Wọ́n kọ c ní méjì torí tó bá ku ọ̀kan ṣoṣo níwájú e, ojú tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kà á fẹ́ pè é bíi s, á wá di "sósà", ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí àwọn kan nígbà yẹn máa kọ ọ́ ní socker, pẹ̀lú k.

Ẹni tí èyí ò bá tíì yé, kó wo FIFA. A tó gbẹ̀yìn yẹn, kí ló dúró fún? Fédération Internationale de Football Association, Paris ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1904. Èdè Faransé ni orúkọ yẹn, bí Faransé ṣe ń to ọ̀rọ̀ ni association football fi di "football association" níbẹ̀, torí orúkọ tí eré náà ń jẹ́ nìyẹn. Sunderland AFC, Wrexham AFC, ìyẹn Association Football Club, A kan náà ni. (Ti Arsenal yàtọ̀ o, A tiwọn Arsenal ló dúró fún, ẹ má lọ fi ìyẹn jà.) Ẹni tí kílọ́ọ̀bù ẹ̀ bá ń jẹ́ AFC tó wá ń bú ẹni tó sọ soccer, ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ tiẹ̀ ló ń bú yẹn.

Wọ́n á tún ní, tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín, kí ló dé tí wọn kì í lò ó? Wọ́n lò ó! Ìwé ìròyìn World Soccer tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Matt Busby, ọmọ Scotland tó kọ́ Manchester United tí wọ́n fi gba ife Yúróòpù ní 1968, nígbà tó kọ ìtàn ayé ara ẹ̀ jáde ní 1973, Soccer at the Top ló pè é. Ṣé Busby ò mọ bọ́ọ̀lù ni? Ètò Soccer Saturday ṣì ń lọ lórí Sky Sports dòní, mi ò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lọ fi ẹ̀hónú hàn níwájú ilé iṣẹ́ wọn.

Stefan Szymanski, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Michigan, tú àwọn ìwé ìròyìn wò, ó rí i pé lẹ́yìn 1980 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ní Ìlú Ọba. Àlàyé tiẹ̀ ni pé líìgì Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, NASL, tí Pelé lọ bá New York Cosmos gbá nínú ẹ̀ ní 1975, tí Beckenbauer náà tẹ̀ lé e ní 1977, ló jẹ́ kí soccer máa dún bí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà létí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá ń sá fún un. Ó jọ òótọ́, àmọ́ mi ò ní fi gbogbo ẹnu sọ pé ìyẹn nìkan ni, torí ọ̀rọ̀ tó tẹnu àwọn ọmọ olówó jáde, ó ṣeé ṣe kó má fìgbà kan wọ àwọn mẹ̀kúnnù tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí ìdúró lára dénú.

Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá, United States Football Association lorúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹgbẹ́ wọn ní 1913. Ó di 1945 kí Soccer tó wọ inú orúkọ yẹn, ó di 1974 kí wọ́n tó yọ Football kúrò. Football mìíràn ti gbalẹ̀ nílé wọn, kí ni kí wọ́n ṣe? Ireland ní Gaelic football, wọ́n ń sọ soccer. Ọsirélíà ní tiwọn, Socceroos ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn. Soccer City ni wọ́n ti gbá àṣekágbá ife àgbáyé 2010 ní Johannesburg. Japan ń pè é ní sakkā. Àwa gan-an, bọ́ọ̀lù là ń pè é, ball lásán, ta ló wá tìtorí ìyẹn ní a ò fẹ́ràn ẹ̀?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an kọ́ ló ń bí wọn nínú. Àwọn tó ra kílọ́ọ̀bù ni wọ́n ń bínú sí. Àwọn Glazer, ìdílé olówó kan láti Amẹ́ríkà, fi owó yíyá ra Manchester United ní 2005, wọ́n sì di gbèsè ru kílọ́ọ̀bù, ó yẹ kéèyàn bínú. Super League, líìgì tí àwọn kílọ́ọ̀bù ńlá Yúróòpù fẹ́ dá sílẹ̀ fún ara wọn, tí wọ́n kéde ní 18 April 2021, tí kílọ́ọ̀bù mẹ́fà láti England kó sínú ẹ̀, tó sì fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 20 April, ó yẹ kéèyàn bínú sí ìyẹn náà. Àmọ́ Florentino Pérez ni alága ẹ̀, ará Spain, fútbol ló ń pè é. Ìwọra ò mọ èdè. Ẹni tó ra jẹ́sì kan ní Los Angeles ò bá ẹnikẹ́ni jókòó sí ìpàdé yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Norway tí tẹlifíṣọ̀n NRK bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀lù England hàn wọ́n lọ́jọ́ Sátidé ní 1969, kó tó di pé ẹnikẹ́ni láti Amẹ́ríkà ronú pé òun fẹ́ ra kílọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn mi, ẹ ṣọ́ra fún ìtàn Charles Wreford-Brown, agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì kan láyé àtijọ́, o. Wọ́n ní ẹnìkan bi í ní Oxford bóyá ó fẹ́ gbá rugger, ó ní rárá, soccer ni, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dùn ún sọ, ẹ̀rí tó dájú ò sí nídìí ẹ̀. Ẹ má fi kún ẹjọ́ wa, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kan gbá ọ̀kan yẹn mú, á ní gbogbo ìyókù náà irọ́ ni.

Ìwọ ará Los Angeles, aago méjìlá ààbọ̀ Ìlú Ọba ni. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni lọ́dọ̀ tìẹ. Tètè sùn lálẹ́ Fúráìdè.