Ẹnu Ọ̀sà àti Iyanrìn Tó Ń Rìn

Iyanrìn etí òkun kì í gbé ojú kan. Ìgbì kì í sábà kọlu ilẹ̀ ní gbọnrangandan. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà wá, á sì máa ti iyanrìn lọ síhà kan díẹ̀díẹ̀. Bí èyí tó lọ ṣe ń lọ ni òmíràn ń dé, etíkun kò sì ní dín kù.

Ẹnu ọ̀sà, níbi tí ọ̀sà ti já sí òkun, ló ń da ìrìn yìí rú. Bí omi òkun bá ń kún, á wọ́ iyanrìn wọnú ọ̀sà; bó bá ń fà, á tú u síta. Òkìtì iyanrìn á wá wà lábẹ́ omi nínú àti lóde. Ti òde yìí ló yẹ kéèyàn fojú sí jù: orí rẹ̀ ni iyanrìn ń gbà dé òdìkejì, òun náà ló ń dín agbára ìgbì kù kó tó dé ilẹ̀.

Ìgbì ń kó iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà, omi tó ń wọlé tó ń jáde sì ń gbá a kúrò. Ní 1931, Morrough O'Brien, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá bá ṣe pọ̀ tó ni ẹnu náà ṣe ń tóbi tó. Ẹni tó bá wá fi iyanrìn kún apá kan ọ̀sà kó lè kọ́lé ti dín omi yẹn kù, ẹnu náà á sì máa kéré sí i.

Ọkọ̀ ojú omi nílò ọ̀nà tó jìn, nítorí náà àwọn ẹnjiníà máa ń fi òkúta ńláńlá ṣe ògiri méjì wọnú òkun. Ọ̀nà là lóòótọ́, àmọ́ iyanrìn há sẹ́yìn ògiri kan, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ òdìkejì. Ìjì la irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ní Ocean City, Maryland, ní Amẹ́ríkà, ní 1933, wọ́n sì fi ògiri òkúta dè é kó má baà dí. Iyanrìn gbá jọ síhà ìlú náà. Apá àríwá erékùṣù Assateague, tó wà ní gúúsù rẹ̀, sún sẹ́yìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà.

Ní Gold Coast, Ọsirélíà, wọ́n ti ro ti iyanrìn mọ́ iṣẹ́ náà. Láti 1986, ẹ̀rọ ń fa iyanrìn pọ̀ mọ́ omi níhà gúúsù, páìpù sì ń gbé e gba abẹ́ ẹnu ọ̀sà lọ tú sí erékùṣù South Stradbroke. Irú ẹ̀rọ yìí kò ṣeé dá dúró, torí ìgbì kì í sinmi.