Fọ́tò àti àwòrán ọwọ́ nínú ìwádìí ẹ̀sìn òrìṣà ní Bahia

Ẹni méjì ni iṣẹ́ wọn gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó fi fọ́tò àti àwòrán ọwọ́ ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀sìn òrìṣà ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Pierre Verger jẹ́ ayafọ́tò tí wọ́n bí ní Paris lọ́dún 1902. Carybé jẹ́ ayàwòrán tí wọ́n bí ní Ajẹntínà lọ́dún 1911. Ọ̀rẹ́ ara wọn ni wọ́n, ìlú Salvador ni àwọn méjèèjì sì fi ṣe ilé títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Oṣù kẹjọ ọdún 1946 ni Verger dé Salvador. Nígbà tó yá, IFAN, iléeṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Dakar, fún un lówó láti wá ṣèwádìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó kó nǹkan bíi 2,000 nẹ́gẹ́tíìfù (fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò) fún wọn, wọ́n ní fọ́tò nìkan kò tó, kó kọ àlàyé tì í. Báyìí ni ayafọ́tò ṣe di òǹkọ̀wé. Ní 1953 wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ifá ní Kétu, ó sì ń jẹ́ Fátúmbí.

Kámẹ́rà Rolleiflex ló ń lò. Igbá àyà ni wọ́n ń gbé e sí, tí ayafọ́tò á máa wo gíláàsì tó wà lórí rẹ̀ láti òkè. Kò ní bo ayafọ́tò lójú, ó sì rọrùn láti lò láàárín èrò láìdí ijó lọ́wọ́. Verger to fọ́tò àwọn ẹlẹ́sìn Bahia àti ti ilẹ̀ Yorùbá pọ̀ nínú ìwé rẹ̀, kí òǹkàwé lè fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe jọra.

Àmọ́ dúdú àti funfun ni fọ́tò wọ̀nyí. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun ti Ṣàngó á di àwọ̀ eérú àti funfun lásán, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ òrìṣà tí ènìyàn ń sìn. Ibí yìí ni Carybé ti wúlò jù. Àwòrán ọ̀dà olómi 128 tó jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1980 fi àwọ̀ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ awo tún wà níbẹ̀. Ní 1951, ìwé ìròyìn O Cruzeiro gbé fọ́tò ìdóṣù, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń gba ènìyàn wọlé sínú awo òrìṣà, jáde, awuyewuye ńlá sì bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ yàwòrán lè fojú kó ohun tó rí, kó délé kó tó yà á, kó sì yọ ohun tí kò yẹ kí ọ̀gbẹ̀rì rí kúrò.

Pákó 27 tí Carybé gbẹ́ òrìṣà sí wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Museu Afro-Brasileiro ní Salvador. Nǹkan bíi 62,000 nẹ́gẹ́tíìfù Verger wà lọ́wọ́ àjọ Fundação Pierre Verger, tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1988.