Báńkì ti kú, orúkọ rẹ̀ ṣì ń tàn lórí òtẹ́ẹ̀lì

Ìbéèrè: Láàárín ìlú Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, lẹ́tà mẹ́rin kan, PSFS, máa ń tàn pupa lálẹ́ lórí ilé gíga kan. Òtẹ́ẹ̀lì Loews ló sì wà nínú ilé náà. Ta ló ń jẹ́ PSFS?

Ìdáhùn: Báńkì ni, Philadelphia Saving Fund Society. Ọdún 1816 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Òun ló kọ́ ilé alájà 36 yìí, tí wọ́n parí ní 1932. George Howe àti William Lescaze ló ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí báńkì náà fi máa kógbá sílé ní 1992, Meritor ló ti ń jẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ ní 2000.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò yọ lẹ́tà òkú báńkì kúrò?

Ìdáhùn: Láti 1976 ni ìjọba ti ka ilé náà mọ́ àwọn ilé mánigbàgbé orílẹ̀-èdè náà. Ìyẹn nìkan ò ní kí onílé má fọwọ́ kàn án o. Owó ló sábà máa ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ẹni tó bá tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe fún òwò, láìba ìrísí rẹ̀ jẹ́, lè rí ìdá 20 nínú 100 owó àtúnṣe yọ kúrò nínú owó orí tó yẹ kó san fún ìjọba àpapọ̀. Lẹ́tà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 27, tí àwọn tó ya ilé fúnra wọn gbé síbẹ̀, ta ló máa jiyàn pé kì í ṣe ara ìrísí ilé? Lójú tèmi, kò sí pátákó ìpolówó tuntun tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni ọ́fíìsì ṣe ń di yàrá ìsùn?

Ìdáhùn: Omi ló ń fa wàhálà jù. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mélòó kan tó fún gbogbo òṣìṣẹ́ àjà kan, ṣùgbọ́n yàrá 581 ló wà ní òtẹ́ẹ̀lì yìí, kálukú pẹ̀lú balùwẹ̀ tirẹ̀. Ẹ wo iye páìpù tí wọ́n ní láti gbà kọjá.

Fèrèsé ló kó wọn yọ. Ọ̀pọ̀ ilé ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà fẹ̀ débi pé àárín wọn ṣókùnkùn, àlejò wo ló sì máa sanwó sùn níbi tí ò ti ní rí ìta? Ní PSFS, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n kó ẹ̀rọ agbéniròkè àti àtẹ̀gùn sí, tí iyàrá ọ́fíìsì fi tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé. Ẹ̀rọ amúlétutù ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n nígbà náà, síbẹ̀ wọn ò fi fèrèsé ṣeré.

Ìbéèrè: Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń san owó ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibi àpèjẹ àti ìpàdé ni báyìí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, torí Howe fi ẹsẹ̀ títì sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù, ibi tí owó ilé ti máa ń wọ́n jù.